Láti Lafiaji Dé Etíkun Tarkwa: Bí A Ṣe Kọ́ Gígúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé Lafiaji lónìí lè gbàgbé pé ọmọ etí omi ni òun. Ní òwúrọ̀, ariwo ọkọ̀ èrò Ọbaléńdé ni yóò jí i. Bí ó bá jáde, àwọn ẹlẹ́ja, oníìgbín àti ẹlẹ́ran ọjà Sandgrouse ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí ó bá yí ojú sí òpópó Tòkunbọ̀, ilé lórí ilé ni, wáyà iná lórí wáyà iná. Omi kò yọjú níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ ro orúkọ òpópó náà wò. Ẹni tí ó ti òkun bọ̀ ni à ń pè ní Tòkunbọ̀. Kò sí bí a ó ti máa jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí òkun má jẹ́ ìbátan wa.

Àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa odò kan tí a fi ọwọ́ gbẹ́, èyí tí ó ya Erékùṣù Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Ìkòyí. William MacGregor, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó so ọ̀sà tí ó wà ní apá àríwá pọ̀ mọ́ odò tí àwọn òyìnbó ń pè ní Five Cowrie Creek ní apá gúúsù. Wọ́n ní owó ẹyọ márùn-ún ni à ń san láyé àtijọ́ kí atukọ̀ tó gbé ènìyàn sọdá rẹ̀. Wọ́n ti dí odò gbígbẹ́ náà, ọ̀nà mọ́tò sì ti gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe sá fún wa, tí àwa náà sì gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó tí a fẹ́ wá sí Lafiaji ni èmi. Ìlú òkè ni wọ́n ti bí mi, níbi tí odò kì í ti í kọjá orúnkún lọ́pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Mo ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ilé ọkọ mi láì fi ẹsẹ̀ kan omi ọ̀sà, àfi ìgbà tí ọkọ̀ kan wọ ilé wa. Ìtàn ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ó fẹ́ràn omi àti ọkọ tí ó fẹ́ràn ohun tuntun.

Àlejò inú ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àbúrò ọkọ mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ni ó fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì di dandan kí àwọn ayálégbé máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ike líle ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìjókòó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré méjì tí a kì í jókòó sínú wọn wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ọ̀pá irin ni ó so wọ́n mọ́ ọn, bí ìgbà tí ènìyàn na apá méjèèjì kí ó má baà ṣubú. Ó ní òpó àti ìgbòkun, ó sì ní ìtọ́kọ̀ ní ìdí.

Ohun tí ó ya gbogbo ilé lẹ́nu ni pé ó ní ibi ìtẹsẹ̀ bí ti kẹ̀kẹ́. Bí ẹni tí ó jókòó bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, tí ó ti òsì síwájú, lẹbẹ méjì tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ yóò máa jù sọ́tùn-ún, jù sósì bí apá ìjàpá òkun, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ilé-iṣẹ́ Hobie ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ ẹlẹ́bẹ yìí jáde fún ọkọ̀ kékeré ní ọdún 1997, àwọn mìíràn sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ẹni tí ó bá ní in kò nílò epo bẹntiróò. Àfẹ́fẹ́ àti itan ara rẹ̀ ni epo rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wo ọkọ̀ náà títí, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà! Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ó rẹ̀ yín láàárín omi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ṣe àmín.

Ọ̀nà omi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kìíní ni a mú fún ìrìn àjò wa àkọ́kọ́. A kò ṣàdédé mú un. Ní àkókò òjò, omi dídùn máa ń ya wọ inú ọ̀sà láti òkè, ó sì máa ń gbé koríko ojú omi wá, èyí tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí koríko yìí ní ipa omi Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń yọ àwọn apẹja lẹ́nu. Ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n, ó ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, kò sì ní ṣàì lọ́ mọ́ lẹbẹ ọkọ̀ tiwa náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a padà wọlé láti inú òkun, koríko náà a sì kú.

Àfẹ́fẹ́ pẹ̀lú ní ìṣe tirẹ̀. Ní kùtùkùtù, ó rọra ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú omi. Bí oòrùn bá ti ga, tí ilẹ̀ ti gbóná, atẹ́gùn òkun a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa fẹ́ láti apá gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlú. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹni tí ń lọ sí Tarkwa gbéra, kí ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sán tì í bọ̀ wá sílé.

Èmi, bàbá àwọn ọmọ mi, àti àkọ́bí wa obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni a jọ lọ. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ oṣù mẹ́jọ, wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Mo fún un lọ́mú dáadáa, mo po ògì sílẹ̀, mo sì ṣèlérí pé kí aago kan tó lù ní ọ̀sán, n ó ti dé. Ẹ̀yin abiyamọ mọ ohun tí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń ṣe é. Ara pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Etí omi Oníkàn, tí kò jìnnà sí Lafiaji, ni a ti gbéra. Àwọn tí ń fi ìgbòkun tu ọkọ̀ ti pẹ́ ní agbègbè náà, nítorí ọdún 1932 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club sílẹ̀. Gbogbo wa wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi, a so okùn rẹ̀ pinpin. Èmi àti ọmọ mi wà níwájú, bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi ìtọ́kọ̀. Àyà mi ń já nígbà tí a kúrò lẹ́bàá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti rìn díẹ̀, tí omi ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìjókòó, ìbẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Ọ̀nà náà kò ju bíi kìlómítà márùn-ún lọ. Ẹnu Five Cowrie Creek wà ní apá òsì wa, èbúté Àpápá, tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí láti ọdún 1926, wà ní apá ọ̀tún. A fara mọ́ ẹ̀bá, nítorí ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá ni àárín. Ọkọ̀ òkun kì í lè dúró lójijì fún ẹnikẹ́ni. Bí a ti ń sún mọ́ ẹnu òkun, a rí ògiri òkúta tí wọ́n mọ wọ inú omi. Lẹ́yìn èyí tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa wà, níbi tí omi ti dákẹ́ bí omi inú agbada.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe di ibi ìdákẹ́jẹ́. Kí àwọn ògiri òkúta náà tó wà, ẹnu òkun Èkó jẹ́ ibi ẹ̀rù. Iyanrìn tí ó sùn sábẹ́ omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni wọn yóò dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò sì lọ máa gbé èrò àti ẹrù wọn. Ní ọdún 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri náà. Nígbà tí ó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ẹnìkan ní oore ṣe ẹnìkejì ní ibi. Iyanrìn tí ìgbì ń wọ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó kó jọ sí apá kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ apá kejì, ìyẹn Bar Beach, títí wọ́n fi kó iyanrìn dí òkun níbẹ̀ tí ibẹ̀ sì di Eko Atlantic.

Ibi tí a ti ṣìṣe

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kò tíì lù nígbà tí a rí iyanrìn Tarkwa níwájú wa. Inú ọkọ mi dùn. Ó fi ìgbòkun sílẹ̀ ní títa, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ lọ kíkankíkan bí ẹni tí ń sá eré ìje. Èmi tí mo wà níwájú wo ìsàlẹ̀, mo rí ilẹ̀ omi kedere, mo rí ìkarahun pàápàá.

Mo ní, "Bàbá wa, mo ń rí iyanrìn o."

Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀."

Mo dákẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Òun ni ó mọ ọkọ̀, òun ni ó ka ìwé rẹ̀. Èmi ará òkè, kí ni mo mọ̀?

Àfi gbàù! Àwọn lẹbẹ tí ń jù lábẹ́ ọkọ̀ ti gún ilẹ̀. Ibi ìtẹsẹ̀ ta padà, ó gbá ojúgun ọkọ mi. Bí ọkọ̀ ti dúró lójijì, ìgbì tí ọkọ̀ ayára kan fi sílẹ̀ dé láti ẹ̀yìn, ó gbé ìdí rẹ̀ yí, ó sì dá a ní ìbú sí etí omi. Ìtọ́kọ̀ tí ó ṣì wà nísàlẹ̀ wọ inú iyanrìn, mo sì gbọ́ tí nǹkan kán pẹ́ẹ́. Ọmọ mi fò ṣánlẹ̀ sínú omi tí kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé e, ó dìde, ó ń wú omi jáde, kò sì fara pa. Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ sókè wò ó, irin tí ó gbé ọ̀kan nínú lẹbẹ náà dúró ti wọ́, píìnì tí ó di ìtọ́kọ̀ mú ti kán sí méjì, iyanrìn sì ti kún inú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ kò lè lọ, a kò sì lè darí rẹ̀. Ọkọ mi gbìyànjú títí aago méjìlá fi kọjá. Atẹ́gùn òkun ti dé, ó ń fẹ́ lọ sí ìhà Lafiaji gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti pète. Ṣùgbọ́n kí ni atẹ́gùn lè ṣe fún ọkọ̀ tí kò ní ìtọ́kọ̀?

A fi ọkọ̀ náà síkàáwọ́ àgbàlagbà atukọ̀ kan tí ó wà létí omi, a sì lọ dúró de ọkọ̀ èrò. Nígbà tí yóò fi kún, tí yóò fi gbéra, tí a óò fi rin ọ̀nà dé ilé, aago mẹ́rin ti lù. Ọmú mi ti le bí òkúta, wàrà ti rin bùbá mi já. Láti ìsàlẹ̀ ilé ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi, ohùn náà sì ti há. Kò fẹnu kan ògì.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi wí. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó tì mí títí ó fi sùn sí ọmú. Ìdákẹ́jẹ́ wọn dùn mí ju ìbáwí lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé n kò tún ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé. Òun náà kò dáhùn.

Ẹ̀kọ́ Bàbá Atukọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọkọ mi ti tú ẹ̀rọ ẹlẹ́bẹ náà wá sílé, ọ̀gá wẹ́dà kan ní àdúgbò wa sì ti fi ẹ̀sọ̀ na irin rẹ̀ padà. Ó tún rí píìnì mìíràn. Ó ṣàlàyé fún mi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ike ṣe píìnì ìtọ́kọ̀ náà, kí ó lè kán dípò kí ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ fọ́. Ó múra láti dá lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Ìyá ọkọ mi ni wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó mi, ta ni ó kọ́kọ́ rí iyanrìn lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Èmi ni, Màámi."

"O sọ?"

"Mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì dákẹ́."

Wọ́n ní, "Nígbà náà, ìwọ ni ojú ọkọ̀ náà. Ṣé ó wá yẹ kí ó gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ nílé kí ó tún padà lọ? Tẹ̀ lé e. Bí o bá sì ti rí iyanrìn, má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ́." Wọ́n tún fi kún un pé kí n fún wàrà sílẹ̀ fún ọmọ ṣáájú kí n tó lọ, kí n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ògì nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Bàbá Atukọ̀ ń retí wa. Ó ti yí ọkọ̀ wa dojú dé sí òkè iyanrìn, ó sì ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn má baà jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí pé Tarkwa kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán. Ilé ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi tó lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Àwọn tí ó mọ omi náà kò fi ìwé kọ́ ọ. Ìgbà ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ọkọ mi ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bàbá gbọ́ tán, ó wá fọwọ́ kan lẹbẹ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ tèmi kò ní ohunkóhun lábẹ́, pẹrẹsẹ ni inú rẹ̀. Tiyín ní ohun mẹ́ta tí ó rọ̀ sísàlẹ̀: lẹbẹ yìí, pátákó àárín, àti ìtọ́kọ̀. Ohun tí ó bá rọ̀ ni ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Ẹ gbé e sókè kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ débẹ̀, ilẹ̀ ni yóò bá yín gbé e." Ó wá yíjú sí mi: "Ìyàwó, ìwọ ni kí o máa ka ilẹ̀ fún un. Òun kò lè rí ohun tí ó wà níwájú rẹ."

Nígbà tí mo délé ni mo tó mọ bí ọgbọ́n bàbá yìí ti pẹ́ tó ní etíkun wa. Ní Àkrá, kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962, ọkọ̀ onígi tí a ń fi àjẹ̀ wà ni ó ń la ìgbì kọjá láti kó ẹrù àti èrò láti inú ọkọ̀ òkun wá sí orí iyanrìn. Nígbà mìíràn, inú àpótí ni wọ́n ń jókòó àwọn èrò sí, tí ẹ̀rọ agbẹ́rù yóò sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti òkè ọkọ̀ òkun. Ẹni tí ń darí ọkọ̀ etíkun yìí kò ní ìtọ́kọ̀ tí a kàn mọ́ ìdí ọkọ̀. Àjẹ̀ gígùn ni ó dì mú, nítorí bí ilẹ̀ bá dé, ó lè fà á sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ka ìgbì. Bí èyí tí ó tóbi bá ti kọjá lọ ni ó ń pàṣẹ kí wọ́n fi gbogbo agbára wà á, kí òmíràn tó dìde.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Atukọ̀ ní kí a wa ọkọ̀ lọ sí àárín omi, kí a sì tún un gúnlẹ̀ lójú òun. Bí ó ti lọ nìyí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà tó bíi àádọ́ta ìṣísẹ̀, ọkọ mi ká ìgbòkun mọ́ òpó rẹ̀, kí àfẹ́fẹ́ má baà máa tì wá. Ó fa pátákó àárín sókè. A wá ń fi ẹsẹ̀ rọra tẹ ọkọ̀ lọ. Mo tẹjú mọ́ omi.

Mo ní, "Mo ń rí ilẹ̀." Mo tún ní, "Bàbá wa, mo rí ilẹ̀ o!"

Ó ní, "Mo gbọ́."

Àwa méjèèjì ti ìtẹsẹ̀ kan síwájú pátápátá, a fa èkejì sẹ́yìn, a sì dá ẹsẹ̀ dúró. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, lẹbẹ méjèèjì yóò fara lélẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bí apá ẹyẹ tí ó padé. Mo mú àjẹ̀, mo ń fi wà á. Ọkọ mi wo ẹ̀yìn, ó jẹ́ kí ìgbì kan kọjá, a sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kí orí ọkọ̀ kọjú sí ilẹ̀ gbọnrangandan. Ìtọ́kọ̀ ni ó gbé sókè kẹ́yìn, nítorí a ṣì nílò rẹ̀ láti fi darí. Nígbà tí omi kò ju orúnkún lọ ni ó fa okùn rẹ̀.

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò dúró sí iwájú, láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀, nítorí bí ìgbì bá ti ọkọ̀, ojúgun ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò gbá. Mo sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. A dì í mú lọ́tùn-ún lósì, a gbé e, a kò wọ́ ọ. Kò sí gbàù, kò sí pẹ́ẹ́. Orí ọkọ̀ kàn fẹnu ko iyanrìn ni. Bàbá Atukọ̀ tí ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Àfẹ́fẹ́ ọ̀sán gbé wa padà sí Oníkàn. Aago kan kò tíì lù nígbà tí mo gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀.

Fún ẹni tí yóò bá lọ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ bá fẹ́ gbé irú ọkọ̀ yìí lọ sí etíkun, fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Kọ́kọ́ yan ibi tí omi ti dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ etíkun gbayawu ni, tí ìgbì ń fọ́ níbẹ̀, má ṣe kó ọmọdé lọ. Ẹni tí ó bá sì di dandan fún láti gúnlẹ̀ níbẹ̀, kí ó yọ ẹ̀rọ ẹlẹ́bẹ kúrò pátápátá, kí ó so ó mọ́ inú ọkọ̀, kí ó sì fi àjẹ̀ nìkan wọlé.

Gbogbo ènìyàn ní láti wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi títí ẹsẹ̀ yóò fi kan iyanrìn gbígbẹ, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó mọ̀wẹ̀. Àgbàlagbà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ọmọdé yóò jókòó jẹ́ẹ́ títí a ó fi gbé e.

Má ṣe wọ́ ọkọ̀ lórí iyanrìn. Ìkarahun àti òkúta wẹ́wẹ́ ń ha ike bí ayùn. Bí ẹ kò bá ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń tì í, ẹ fi igi róbótó mélòó kan sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ máa yí i lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja ti ń ṣe. Ẹ gbé e kọjá ìlà ìdọ̀tí tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí ó kún gbẹ̀yìn, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀, nítorí omi yóò tún kún.

Bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ ẹlẹ́bẹ, orí aṣọ tàbí tapólì ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má gbé e sórí iyanrìn. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ṣan gbogbo rẹ̀, irin àti okùn àti ìtọ́kọ̀, kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ẹ máa mú píìnì méjì àti okùn díẹ̀ dání nígbà gbogbo.

Èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti ìwọ abiyamọ. Má ṣe fi wákàtí tí o máa padà dá ara rẹ lójú jù. Fi oúnjẹ ọmọ sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí o sì ní owó ọkọ̀ èrò lọ́wọ́, nítorí ọkọ̀ ẹni lè kọ iṣẹ́. Bí o bá sì jókòó síwájú, tí o rí iyanrìn, sọ ọ́. Bí wọn kò bá gbọ́, tún un sọ. Kì í ṣe àìgbọràn sí ọkọ. Iṣẹ́ ẹni tí ó wà níwájú nìyẹn.

Ọkọ̀ náà ṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Lafiaji. Ọmọ tí ó sunkún títí ohùn rẹ̀ há lọ́jọ́sí ti ń rìn báyìí, abẹ́ ọkọ̀ ni ó sì fi ṣe ilé eré rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá ń gbé ọkọ̀ náà wọlé, tí ìdí rẹ̀ fẹ́ gbá ìloro, ìyá ọkọ mi a ké láti inú yàrá wọn, bí wọn kò tilẹ̀ rí wa: "Ẹ gbé e sókè kí ẹ tó débẹ̀ o!"